Òwú Tí Mo Fi Wọn Mojọlá

Ilé Mákindé, Ìsẹ́yìn,
ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, ọdún 1919.

Cornelius Àlàó, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó? Ṣé omi òkun kò tíì gòkè wá bá yín nínú ilé? Ṣé oògùn tí o ń pò láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kò fi ikọ́ sí ọ láyà? Olúwa tí ó pa ọ́ mọ́ nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ń kó ènìyàn bí ẹni ń wú ẹ̀pà lóko, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí. Ẹsẹ̀ tí o fi kúrò nílé ni o ó fi wọlé bá wa, a kò ní fi ọkọ̀ gbé ọ wá. Àmín. Àwa tí ó kù nílé wà. Mi ò lè sọ pé a wà dáadáa, mi ò sì lè sọ pé a kò wà. Ó rẹ̀ mí, Àlàó. Bí mo bá jí láàárọ̀, ara mi a máa dà bí ara ẹni tí ó ti hunṣọ di ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì jókòó sídìí òfì.

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì níhìn-ín. Igi ẹ̀mí, igi òrí tó wà ní òpin àgbàlá, ti so, ewúrẹ́ Ṣubúọlá ìyàwó Bàbá Oyèlẹ́yẹ sì ti bí ìbejì, ó ní òun kò ní pa wọ́n, òun kò sì ní tà wọ́n, àwa kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Mo ti tún ilẹ̀ sàréè ìyá rẹ ṣe, àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ Ẹfúnwùmí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Koríko kò jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Ọkọ Ẹfúnwùmí ṣì wà ní Kùmásí, a ti kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, a kò gbúròó, bóyá òun náà wà láàyè, bóyá kò sí.

Lẹ́tà rẹ tí Ràmọ́nì aláṣọ mú bọ̀ láti Ìbàdàn dé ọwọ́ mi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní dókítà tuntun kan wà níbi iṣẹ́ yín tí kì í kọ́kọ́ nawọ́ sí ìgò oògùn bí wọ́n bá mú ọmọ tí ọkàn rẹ̀ dàrú wá. O ní ó máa ń béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ, bí ó ti ń sùn, ẹni tí ó ń bá ṣeré, ẹni tí ó kú mọ́ ọn lójú, irú ilé tí ó ń gbé, àdúrà tí wọ́n ń gbà lé e lórí, kí ó tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ wò. Èyí wù mí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ aṣọ kì í fa fọ́nrán òwú kan yọ kí ó jókòó tì í. Ṣùgbọ́n o tún ní bí a kò bá fèsì sí ìwé ìbéèrè rẹ̀ tí o fi sínú lẹ́tà náà kí oṣù kẹrin tó tán, o ó rán ènìyàn wá mú Mojọlá lọ sí Èkó, kí wọ́n fi í sínú ilé tí wọ́n ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú sí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rù kiri láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú ọ sọ ọ́. Láti oṣù kọkànlá tí lùkúlùkú ti mú Ẹfúnwùmí lọ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo yìí kò la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ojú rẹ̀ yóò kàn máa wò ọ́, bí ẹni tí ń gbọ́ nǹkan ní ọ̀nà jíjìn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń fèsì báyìí, má bínú pé ó pẹ́. Mi ò lè dá ìwé dókítà náà padà. Ó ti bàjẹ́. Jẹ́ kí n sọ bí ó ti bàjẹ́ kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ràmọ́nì, nítorí Ràmọ́nì a máa fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìwé náà dé, mo pe gbogbo ilé jọ, mo sì kà á sókè fún wọn ní Yorùbá. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ó ga tó báwo? Ó wúwo tó báwo? Ṣé ó máa ń bínú? Ṣé ó máa ń sùn dáadáa? Ṣé wèrè wà nínú ìdílé ìyá rẹ̀ tàbí ti bàbá rẹ̀? Wárápá ńkọ́? Ibi tí mo kà dé nìyí tí Bàbá Oyèlẹ́yẹ, baálé wa, fi ká ẹsẹ̀ jọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìwọ Isaac, o kàwé kàwé, o kò gbọ́n. Wọ́n ní ta ni ń béèrè wèrè àti wárápá nínú ìdílé ẹlòmíràn bí kò ṣe àwọn tí ń wá ìyàwó? Wọ́n ní báyìí gan-an ni bàbá àwọn ṣe wádìí ilé Ṣubúọlá kí wọ́n tó fẹ́ ẹ fún àwọn, àfi pé àwọn ti ìgbà náà kò fi í sínú ìwé. Wọ́n ní ó dájú pé dókítà ní ọmọkùnrin kan nílé tí ó ń wá àfẹ́sọ́nà fún. Ṣubúọlá ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, alárinà dà? Bàbá Oyèlẹ́yẹ ní Cornelius ni alárinà, kò sì mọ iṣẹ́ náà, nítorí ó béèrè gíga ìyàwó kí ó tó sọ orúkọ bàbá ọkọ.

Mo fi ohùn líle sọ fún wọn pé ọmọdé ni Mojọlá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọkọ nínú ilé yìí fún ọmọ tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀.  Síbẹ̀ wọ́n ní dandan ni kí n béèrè, mo sì ṣèlérí fún wọn. Ọmọ ta ni dókítà yín? Níbo ni ilé wọn? Ṣé kò sí ẹni tí ó ya wèrè nínú ìdílé òun náà? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè wa dé inú yàrá, kò burú bí àwa náà bá mọ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ní tiwa, kò sí wèrè. Àbúrò bàbá mi kan wà tí ó máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun. Bàbá Oyèlẹ́yẹ ní kí n má kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì ni ìwé náà wá bàjẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Àmọ̀kẹ́ ti ń kírun láti ìgbà tí wọ́n ti lọ sí ilé ọkọ, àwọn ni wọ́n sì ń tọ́jú Mojọlá láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ. Mo lọ sí oko, mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí àpótí. Ìyá Àmọ̀kẹ́ rò ó títí, wọ́n ní kí ni ìwé ìwòsàn wà fún bí kò ṣe kí a fọ̀ ọ́ mu? Nílé kéú, bí ara ọmọ kò bá yá, àlùfáà a kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sára wàláà, a fi omi ṣàn án, ọmọ a sì mu omi náà. Nítorí náà wọ́n fi ìwé dókítà sínú àwo, wọ́n bu omi tútù lé e. Tàdáwà náà kò ṣí. Wọ́n fi omi gbígbóná kún un. Kò ṣí. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ pa á. Nígbà tí mo fi dé, ìwé ti di bí ògì, òógùn ti bò wọ́n, wọ́n ní Isaac, dókítà yìí le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fẹ́ jáde. Ọpẹ́ ni pé Mojọlá kò mu ún. Ó kàn wo inú àwo, ó dìde, ó lọ. Mo fẹ́ bínú, mo wá wo ọwọ́ wọn nínú omi náà, ọwọ́ tí ó wẹ òkú mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé yìí, n kò lè bínú mọ́. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé bí dókítà bá tún fẹ́ kọ ìwé, kí ó fi tàdáwà tí ó ń ṣí kọ ọ́. Mo ti jíṣẹ́ wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo rántí ni mo ń dáhùn. Kí o bá mi kọ ọ́ síbi tí ó yẹ.

Ní ti oúnjẹ: fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ̀kọ díẹ̀ nìkan ni, inú igbá kékeré ìyá rẹ̀ nìkan ni ó sì ti ń jẹ ẹ́. Bí o bá dúró tì í kò ní jẹ. Bí o bá gbé e kalẹ̀ tí o sì ṣe bí ẹni pé o ní iṣẹ́ níbòmíràn, yóò jẹ. Nísinsìnyí ó ń jẹ ẹ̀wà, ó sì ń mu wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri. Ní ti oorun: ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ ni ó ń dùbúlẹ̀ sí ní ìbú, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ yóò rékọjá lórí rẹ̀. Ní ti ẹni tí ó ń bá ṣeré: Fàtímọ̀, ọmọ ilé kejì, ni. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ fún ẹni méjì. Yóò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Mojọlá, yóò dá ara rẹ̀ lóhùn, yóò bá ìdáhùn náà jà, yóò sì bínú pé Mojọlá ni ó borí. Ní ti àdúrà àti oògùn: bàbá tísà ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gbàdúrà fún un lọ́jọ́ Àìkú, àlùfáà Ìyá Àmọ̀kẹ́ ń ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, Ṣubúọlá sì ń fi ewé rinrin wẹ orí rẹ̀ kí ó lè tutù. Má bínú sí mi pé mo gbà á láyè. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í béèrè orúkọ odò tí wọ́n ti pọn omi wá.

Ní ti bí ó ti wúwo tó, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Bí o tilẹ̀ ti fi ìdí òfì sílẹ̀, o kò lè ti gbàgbé bí a ti ń ṣe é: a ó na òwú láti iwájú ẹni tí ń hunṣọ dé òpin àgbàlá, a ó so ìdì rẹ̀ mọ́ pákó tí a gbé òkúta lé, kí òwú lè le. Bí aṣọ bá ti ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni pákó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òwú tí Ẹfúnwùmí ràn, tí ó sì pa láró kí lùkúlùkú tó dé, wà lórí àjà. Mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ebi kò mọ ọ̀fọ̀, àwọn tí ń rànwú fún mi tẹ́lẹ̀ sì ti kú tàbí wọn kò tíì lágbára. Ní oṣù kejì náà mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo nà án láti ẹsẹ̀ òfì mi dé ìdí igi ẹ̀mí.

Ní ọjọ́ kejì tí mo gbójú sókè, Mojọlá ni mo rí lórí pákó náà. Ó jókòó lórí òkúta, ó kọjú sí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdì òwú ìyá rẹ̀ mú. Ìwọ kò mọ ohun tí èyí jẹ́, Àlàó. Títí di ọjọ́ náà kò gbà kí n sún mọ́ òun. Bí mo bá nawọ́ sí i yóò sá. Òwú bẹ̀rẹ̀ sí já, nítorí òkúta àti ọmọ ti wúwo jù fún un. Ṣubúọlá ní kí n lé e dìde kí aṣọ má baà bàjẹ́. Mo lọ, mo rọra fa òkúta ńlá náà kúrò lábẹ́ rẹ̀, mo fi ọmọ sílẹ̀. Kò sá. Ṣùgbọ́n ó ti gbẹ débi pé kò tó òkúta. Mo ní láti ṣa òkúta kéékèèké márùn-ún kún un kí òwú tó le. Láti ìgbà náà, bí ó ti ń jẹun ni mo ń yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà kí o sọ fún dókítà pé: ní oṣù kejì, Mojọlá àti òkúta márùn-ún ni ó tó òkúta òfì kan. Ní oṣù kẹrin yìí, Mojọlá àti òkúta kan ni. Bí ó bá fẹ́ rí òkúta mẹ́rin náà, mo ti kó wọn sínú àpò, ṣùgbọ́n Ràmọ́nì ní àwọn onírélùwéè yóò gba owó lórí wọn.

Bí a ti ń ṣe é nìyí láti ìgbà náà. Èmi ń hunṣọ, òun ń bọ̀. Láàárọ̀ ó wà lábẹ́ igi ẹ̀mí, nígbà tí oòrùn bá fi rọlẹ̀, ó ti fi bí ìgbọ̀nwọ́ mélòó kan sún mọ́ mi. Bí pákó bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, iṣẹ́ wa ni pé kí n tú òwú sí i láti inú ìdì, kí a sì wọ́ pákó padà sí òpin àgbàlá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wọ́ ọ padà, tí yóò tún jókòó. Bàbá Oyèlẹ́yẹ ní mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tí kì í gba owó, tí kì í sì í fèsì. Àwọn tí ó ra aṣọ náà ń ránṣẹ́ pé kí ló dé tí kò tíì parí. N kò lè sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ kí ó parí.

Ìbéèrè kan kù, èyí tí ó kẹ́yìn nínú ìwé náà. Mi ò kà á sókè fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo kà á sínú, mo ká ìwé náà, mo ní ó parí. Ó béèrè pé, kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí àìsàn ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀, kí sì ni àwọn àgbà sọ fún un?

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, Mojọlá ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó ń kọrin. O mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nígbà náà. Mo jáde sí i, mo ní kí ó dákẹ́. Mo ní ìyá rẹ̀ ń sùn, kò gbọdọ̀ fọhùn títí ìyá rẹ̀ yóò fi jí. Ẹfúnwùmí ti kú nígbà náà, Àlàó. Ara rẹ̀ ti ń tutù. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Lẹ́yìn náà Ṣubúọlá mú ọmọ náà lọ sí ilé àwọn Fàtímọ̀ kí ó má baà rí òkú, bí a ti ń ṣe fún ọmọdé. Nígbà tí ó fi padà wálé a ti sin ìyá rẹ̀, òkú mìíràn sì tún wà nílẹ̀ tí a fẹ́ sin. Kò sí ẹni tí ó rántí sọ ohunkóhun fún un. Ó yọjú sí yàrá, kò bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí ó má fọhùn títí ìyá rẹ̀ yóò fi jí. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọmọ tí ó ń gbọ́ràn ni gbogbo wa ń gbé kiri pé ó ń ṣàìsàn.

Bí dókítà kò bá béèrè, n kì bá tí rántí, tàbí kí n sọ ọ́ bó ti rí, n kì bá tí gbà kí n rántí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí mo ó ṣe sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá sún mọ́ ọn láìṣe nítorí òkúta, yóò sá, irú ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣeé kígbe sọ láti ìdí òfì dé ìdí igi ẹ̀mí. Mo ní jẹ́ kí n máa hunṣọ, òwú ni yóò fà á wá bá mi. Lẹ́ẹ̀mejì ni ó fà á dé ọ̀dọ̀ mi, lẹ́ẹ̀mejì ni mo tú òwú sí i láìsọ ọ́, ó sì padà lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá yìí, òwú inú ìdì tán. Kò sí èyí tí mo tún lè tú. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi òfì mi. Mo dá ọwọ́ dúró. Mi ò lè wo ojú rẹ̀, aṣọ ni mo ń wò. Mo ní Mojọlá, ìyá rẹ kò sùn. Mo ní ó ti kú ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ní kí o dákẹ́, mo purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ni ó bà mí. Mo ní kò ní jí mọ́, má dúró dè é mọ́, o lè fọhùn. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe, mo bá ń hunṣọ lọ, ojú mi kò sì ríran dáadáa.  Fàtímọ̀ tí ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pàápàá dákẹ́, èyí tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ni mo bá gbọ́ ohùn kan tí ó há, bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní Bàbá, òwú yín já.

Mo wò ó, òótọ́ ni. Òwú mẹ́ta ti já, mo sì ń hun lọ. Ó nawọ́ wá, ó so wọ́n, bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ó so èkínní, ó so èkejì, nígbà tí ó kan ẹ̀kẹta ni ó bú sẹ́kún, ó sì sunkún títí ilẹ̀ fi ń ṣú, orí rẹ̀ wà lórí aṣọ náà. Mo fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Kò sá.

Ìyá Àmọ̀kẹ́ ní omi ìwé dókítà ni ó ṣe é, pé bí kò tilẹ̀ mu ún, ó wo inú rẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún dókítà pé oògùn rẹ̀ jẹ́.

Mi ò fẹ́ tàn ọ́ jẹ. Kò tíì sọ púpọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kò sọ ohunkóhun. Lánàá ó sọ fún Fàtímọ̀ pé kí ó dákẹ́ díẹ̀. Fàtímọ̀ bínú lọ sílé, kò sì pẹ́ tí ó padà dé. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, bí mo ti jáde, pákó ni mo rí lábẹ́ igi ẹ̀mí. Mojọlá ti wọ́ ọ lọ, ó jókòó lórí rẹ̀, ó ń dúró dè mí. Mi ò sì ní òwú kankan nílé.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má tíì rán ẹnikẹ́ni wá mú un. Owó tí ẹni náà ìbá fi wọ rélùwéè, fi ra òwú òyìnbó fún mi, kí o fi rán Ràmọ́nì, ó ní òun yóò wà ní Ìbàdàn títí oṣù yìí yóò fi tán. Àwọ̀ èyíkéyìí. Kí ó sáà gùn. Bí owó bá ṣẹ́kù, fi ra iyọ̀ díẹ̀ fún Ìyá Àmọ̀kẹ́ àti bẹ́líìtì fún Bàbá Oyèlẹ́yẹ, wọ́n ní alárinà kì í wá lọ́wọ́ òfo. Kí o ka lẹ́tà yìí sí dókítà létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, má fo ibi tí mo ti ṣẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ọ tán tí ó ní dandan ni kí ọmọ náà wá, a ó wá, èmi àti òun. Kí o béèrè bóyá àgbàlá wà nílé ìwòsàn yín tí a lè na òwú sí, nítorí Ràmọ́nì ní ilé Èkó kò ní àgbàlá, àti bóyá pákó ń san owó ọkọ̀ bí ènìyàn.

Ní ti gíga rẹ̀, ó wà nínú lẹ́tà yìí. Òwú aláró tí mo ká sínú ìwé tín-ín-rín yẹn ni. Ní ọjọ́ tí ìwé dókítà dé, nígbà tí ó sùn ní ẹnu ọ̀nà, mo fi òwú wọ̀n ọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, mo sì gé e. Ní àárọ̀ yìí mo ní kí ó dìde kí n tún fi wọ̀n ọ́n wò kí n tó fi ránṣẹ́. Ó dúró gan-an, ó na ọrùn. Ó ní kò dé orí mi, Bàbá. Òótọ́ ni, ó kù bí ìbú ìka kan. Mo gé díẹ̀ lára òwú etí aṣọ náà, mo so ó mọ́ ọn. Sọ fún dókítà pé ibi kókó yẹn ni Mojọlá ga dé nígbà tí ó béèrè, ìyókù ni ó fi ga láti ìgbà náà. Má jẹ́ kí wọ́n gé e, má sì jẹ́ kí ó sọnù. Nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ ràn, òun nìkan ni ó kù tí kò sí nínú aṣọ. Bí dókítà bá ti wò ó tán, fi rán Ràmọ́nì padà sí mi, nítorí a ó tún so òmíràn mọ́ ọn.

Olúwa yóò bá mi ṣọ́ ọ. Ìwọ ni yóò sin mí, èmi kò tún ní sin ọmọ mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Isaac Mákindé.